Gladiolus, Òdòdó Idà

Gladiolus ni orúkọ sáyẹ́ǹsì tí a fún ìran òdòdó kan tí ewé rẹ̀ rí bí idà, tí òdòdó rẹ̀ sì máa ń tò léra lórí ọ̀pá kan ṣoṣo tí ó dúró ṣánṣán. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òdòdó tí a mọ̀ jù lọ nínú ìdì òdòdó tí a ń dì fún ìyàwó, fún aṣẹ́gun, fún aláìsàn àti fún òkú káàkiri àgbáyé. Ìran náà ní nǹkan bí irú 300, ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti ń hù. Ọ̀kan nínú wọn ni Gladiolus dalenii, tí àwọn Yorùbá ń pè ní bàáká. Ó ń lalẹ̀ hù nínú pápá ọ̀dàn Nàìjíríà àti ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bàáká yìí ni òbí pàtàkì fún àwọn gladiolus olódòdó ńlá tí a ń tà ní ọjà òdòdó lágbàáyé. Nítorí náà, òdòdó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ọ̀ṣọ́ òkè òkun jẹ́ ọmọ Áfíríkà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Orúkọ

Inú èdè Látìnì ni orúkọ náà ti wá. Gladius ni àwọn ará Róòmù ń pe idà; gladiolus sì túmọ̀ sí idà kékeré. Àwọn Gíríìkì pẹ̀lú pe òdòdó yìí ní xiphion, láti inú xiphos, tí ó jẹ́ idà ní èdè tiwọn. Ewé ni ó fa orúkọ yìí, kì í ṣe òdòdó. Ewé náà gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó le, ó sì ṣe ṣóńṣó lórí bí idà tí a fà yọ nínú àkọ̀. Láti inú gladius kan náà ni a ti rí ọ̀rọ̀ náà gladiator, èyí tí àwọn ará Róòmù fi ń pe àwọn tí ń fi idà bá ara wọn jà lójú agbo fún ìdùnnú àwọn òǹwòran. Carl Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Swídìn, ni ó fi Gladiolus ṣe orúkọ sáyẹ́ǹsì fún ìran náà ní ọdún 1753.

Orúkọ dalenii jẹ́ ìrántí Cornelius Dalen, olùdarí ọgbà ewéko ìlú Rotterdam ní Nẹ́dálándì. Ọdún 1828 ni van Geel fi orúkọ náà sọ irú òdòdó yìí. Nínú àwọn ìwé àtijọ́ nípa ewéko Nàìjíríà, orúkọ tí a sábà máa ń bá pàdé ni Gladiolus psittacinus, ìyẹn gladiolus tí ó dà bí ayékòótọ́, nítorí àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ìyeyè tí ó dàpọ̀ lára rẹ̀. Irú òdòdó kan náà ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí.

Ìrísí àti bí ó ṣe ń gbé ayé rẹ̀

Ohun tí gladiolus ní lábẹ́ ilẹ̀ ju gbòǹgbò lásán lọ. Isu kékeré kan ni, tí ó jọ kókò ní ìṣe rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ohun ọ̀gbìn náà ń kó oúnjẹ pamọ́ sí di ìgbà tí òjò yóò tún dé. Bí ìyá kókò ṣe ń bí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni isu gladiolus ń bí àwọn ọmọ kéékèèké sí ìdí. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí ó jẹ́ tirẹ̀. Lọ́dọọdún, isu tuntun a máa yọ sórí ti àtijọ́. Èyí àtijọ́ a ti fi oúnjẹ inú rẹ̀ bọ́ ewé àti òdòdó ọdún náà tán, a sì sún kì, a gbẹ. Èèpo tí ó bo isu náà dà bí àwọ̀n tí a fi fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ hun.

Àwọn ewé a máa yọ láti ìdí kan náà, wọn a sì tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí abẹ̀bẹ̀. Àárín wọn ni ọ̀pá òdòdó ti ń jáde. Àwọn òdòdó jókòó tààrà sí ara ọ̀pá yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ti ìsàlẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ là, tí ti òkè yóò máa tẹ̀lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé ṣóńṣó. Ìdí nìyí tí ọ̀pá kan ṣoṣo fi lè wà nínú omi fún ọjọ́ púpọ̀, kí ó sì máa la òdòdó tuntun bí ti àná ti ń rọ. Òdòdó kọ̀ọ̀kan ní ewé òdòdó mẹ́fà àti ẹ̀yà akọ mẹ́ta. Bí ó bá gbó tán, èso rẹ̀ a là, a sì tú àwọn irúgbìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ní ìyẹ́ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbé wọn lọ.

Bàáká lè ga ju mítà kan lọ. Òdòdó rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ ọsàn tàbí pupa, pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè ní ọ̀fun. Ewé òdòdó tí ó wà lókè tẹ̀ síwájú bí ìbòrí, ó sì ṣíji bo àwọn ẹ̀yà akọ àti abo. Oje dídùn rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun gígùn, níbi tí ẹnu kòkòrò kéékèèké kò lè dé. Àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ẹnu wọn gùn tí ó sì tẹ̀ ni wọ́n ń fà á mu. Bí wọ́n ti ń ti orí bọ inú òdòdó, ìyẹ̀fun akọ a lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ orí wọn, wọn a sì gbé e dé ara òdòdó mìíràn. Àwọn irú gladiolus mìíràn ní àlejò tiwọn. Oyin ni ó ń bẹ àwọn kan wò. Gladiolus murielae ti ilẹ̀ Ethiópíà, tí ó funfun tí àárín rẹ̀ sì dúdú bí ẹ̀lúùkù, ń ta òórùn dídùn tí ó ń fa àwọn àfòpiná mọ́ra.

Ìgbé ayé bàáká bá ti pápá ọ̀dàn mu. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná a máa jó koríko kanlẹ̀. Nígbà náà, ewé bàáká yóò ti gbẹ, isu rẹ̀ yóò sì wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí iná kò lè dé. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, yóò rú láàárín eérú, kí koríko tó ga jù ú lọ.

Ibi tí ó ti ń hù

Bàáká jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn gladiolus tí ilẹ̀ wọn gbòòrò jù lọ. Ó ń hù láti Sẹ̀nẹ̀gàl dé Ethiópíà, láti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé Gúúsù Áfíríkà. Ó sì tún wà ní Madagásíkà àti ní apá ìwọ̀-oòrùn Arébíà. Pápá ọ̀dàn, etí igbó tí kò dí àti ilẹ̀ olókùúta ni ó fẹ́. Igbó kìjikìji kò bá a lára mu, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó fi ń la òdòdó.

Ibi tí irú gladiolus ti pọ̀ jù lọ ni agbègbè Cape ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí irú tí ó lé ní 100 wà. Àwọn díẹ̀ wà ní Yúróòpù apá gúúsù, ní àgbègbè Òkun Mẹditaréníà àti ní Éṣíà apá ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ti Mẹditaréníà yìí, tí òdòdó wọn kéré tí ó sì ní àwọ̀ àlùkò, ni àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù mọ̀, nítorí pé inú oko àlìkámà ni wọ́n ti sábà máa ń hù. Èyí fi hàn pé orúkọ tí ìran náà ń jẹ́ ti Yúróòpù wá, ṣùgbọ́n ẹwà tí ọjà òdòdó òde òní ń tà ní orúkọ yẹn ti Áfíríkà wá.

Bí òdòdó pápá ṣe di òdòdó inú ìdì

Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn isu gladiolus ti Cape ti ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù. Àwọn olùtọ́jú ọgbà ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da irú wọn pọ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ń mú ìyẹ̀fun akọ láti ara irú kan, wọ́n sì ń fi í sí ẹ̀yà abo irú mìíràn kí wọ́n lè rí ọmọ tí yóò jogún àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1823, ọgbà Colville ní Chelsea, ìlú Lọ́ńdọ̀nù, mú ọ̀kan jáde tí a fi orúkọ ọgbà náà pè ní Gladiolus × colvillei. Òdòdó rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó kéré.

Ìgbà tí bàáká wọ inú ìdàpọ̀ yìí ni ohun gbogbo yí padà. Ní ọdún 1837, Hermann Josef Bedinghaus, olùtọ́jú ọgbà fún Ọba kékeré Arenberg ní Enghien, orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m, da bàáká pọ̀ mọ́ irú mìíràn láti gúúsù Áfíríkà. Ọmọ tí ó ti ibẹ̀ jáde ga, ọ̀pá rẹ̀ le, òdòdó orí rẹ̀ tóbi, ó sì pọ̀. Louis Van Houtte ti ìlú Ghent gbé e jáde fún títà ní ọdún 1841, a sì pè é ní Gladiolus × gandavensis, ìyẹn gladiolus ti Ghent. Ní Faransé, Souchet ní Fontainebleau mú ọ̀pọ̀ àwọ̀ tuntun jáde láti inú rẹ̀. Victor Lemoine ní ìlú Nancy sì tún fi ẹ̀jẹ̀ irú mìíràn kún un, èyí tí ó fún ọ̀fun òdòdó ní àmì aláwọ̀ dúdú tí a ṣì ń rí lára ọ̀pọ̀ gladiolus títí di òní.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, bàáká tún wọ inú ìtàn náà lẹ́ẹ̀kejì. Irú bàáká kan tí ó ní àwọ̀ ìyeyè ń hù lẹ́bàá omi ńlá tí ń já láti òkè lórí odò Sàmbésì, èyí tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń pè ní Mosi-oa-Tunya tí àwọn òyìnbó sì ń pè ní Victoria Falls. Francis Fox, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà nídìí afárá tí a ṣí síbẹ̀ ní ọdún 1905, fi isu rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba. Ibi tí ìrì omi náà ń ta sí láìdábọ̀ ni ó ń gbé, ìbòrí tí ó tẹ̀ sí orí òdòdó rẹ̀ sì ń gba ìrì náà dúró kí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ má baà tutù. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí àwọ̀ ìyeyè fífúyẹ́, àwọ̀ ọsàn àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò wọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, A. E. Kunderd ti ìlú Goshen ní ìpínlẹ̀ Indiana gbé gladiolus tí etí òdòdó rẹ̀ ṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí etí aṣọ jáde ní ọdún 1907. Láti ìgbà náà, a ti fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi ní orúkọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí àwọ̀ tí a kò lè rí lára wọn, àfi aró gidi.

Àmì àti ìtumọ̀ rẹ̀

Òdòdó kì í sọ̀rọ̀. Ènìyàn ni ó ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ohun tí gladiolus dúró fún yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí kan so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìyẹn ni pé ó jọ idà.

Èyí tí ó pẹ́ jù nínú àwọn ìtumọ̀ wọ̀nyí kò kan ẹwà rárá. Ní ilẹ̀ Jámánì àtijọ́, àwọn ènìyàn ń pe gladiolus ní Siegwurz, ìyẹn gbòǹgbò ìṣẹ́gun. Wọ́n wo èèpo isu rẹ̀ tí ó dà bí àwọ̀n, wọ́n ní ó jọ ẹ̀wù irin tí àwọn ọmọ ogun máa ń wọ̀, wọ́n sì gbà pé ẹni tí ó bá so isu náà mọ́ ara kò ní gba ọgbẹ́ lójú ìjà. Òǹkàwé Yorùbá tí ó mọ okígbẹ́, oògùn tí àwọn ọdẹ àti jagunjagun ń lò kí àdá tàbí idà má ran ara wọn, yóò rí i pé ìrònú kan náà ni. Ohun tí ó jọ nǹkan ni a gbà pé ó lè ṣe iṣẹ́ nǹkan náà.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìtumọ̀ mìíràn bo èyí mọ́lẹ̀. Àṣà kan gbòde ní Faransé àti Ìlú Ọba nínú èyí tí òdòdó kọ̀ọ̀kan ń dúró fún ọ̀rọ̀ kan. Ìwé tí Charlotte de Latour tẹ̀ jáde ní Paris ní ọdún 1819 wà lára àwọn tí ó tan àṣà náà kálẹ̀. Àrokò ni ohun tí ó sún mọ́ ọn jù lọ láàárín Yorùbá. Ẹni tí ó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà mọ́ ẹni tí òun fi ránṣẹ́ sí, nítorí pé ẹẹ́fà àti fífà jọ ní ohùn. Ẹni tí ó fi mẹ́jọ dá a lóhùn ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi gladiolus sọ ọ̀rọ̀ idà: agbára, ìdúróṣinṣin, ìwà tí kì í tẹ̀, tàbí ìfẹ́ tí ó gún ọkàn bí ohun mímú. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Àrokò dúró lórí ohun tí olùránṣẹ́ àti olùgbà jọ mọ̀, nígbà tí àwọn ìwé òdòdó náà sábà máa ń ta ko ara wọn. Ẹni tí ó fẹ́ lo òdòdó fi ránṣẹ́ ní láti mọ ìwé tí ẹni kejì rẹ̀ kà.

Títí di òní, àwọn ará Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà ka gladiolus sí òdòdó àwọn tí a bí ní oṣù kẹjọ, àti òdòdó ayẹyẹ ogójì ọdún ìgbéyàwó. Àwọn tí ń dì òdòdó tà a máa fi pupa ṣe àmì ìfẹ́, funfun ṣe àmì ìwà mímọ́ àti ìbánikẹ́dùn, ìyeyè ṣe àmì ayọ̀. Àṣà ni èyí, kò sí òfin kan tí ó dè é. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, gladiolus wọ́pọ̀ níbi ìsìnkú, nítorí pé ọ̀pá rẹ̀ gígùn ni ó rọrùn jù láti fi ṣe òdòdó ńlá tí a ń gbé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Nítorí èyí, àwọn mìíràn kì í fẹ́ rí i níbi ìgbéyàwó. Ohun tí ó ń bu ọlá fún ìyàwó ní ilé kan lè máa rán ará ilé kejì létí ọjọ́ ọ̀fọ̀.

Ibi tí ìtumọ̀ gladiolus ti lágbára jù lọ lónìí ni ìlú Nijmegen ní Nẹ́dálándì. Ìrìn ọlọ́jọ́ mẹ́rin, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1909, ń wáyé níbẹ̀ ní oṣù keje lọ́dọọdún. Ó máa ń ju 40,000 ènìyàn lọ tí ń kópa. Kìlómítà 30, 40 tàbí 50 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń rìn lóòjọ́, bí ọjọ́ orí rẹ̀ àti ẹ̀ka tí ó wà bá ti gbà. Ní ọjọ́ kẹrin, bí wọ́n ti ń wọ ìlú padà, àwọn ará ilé, ọ̀rẹ́ àti ẹni tí wọn kò mọ̀ rí ń kó gladiolus lé wọn lọ́wọ́, a sì máa ń pe òpópónà tí wọ́n ń gbà wọlé ní Via Gladiola ní ọjọ́ náà. Àwọn ará Nẹ́dálándì ní òwe kan tí ó ní ikú tàbí gladiolus: ẹni tí ó wọ ìjàkadì gbọ́dọ̀ borí pátápátá tàbí kí ó ṣubú pátápátá. Louis van Gaal, olùkọ́ni bọ́ọ̀lù, gbé òwe náà dé Jámánì nígbà tí ó ń darí ẹgbẹ́ Bayern Munich.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé àṣà yìí ti Róòmù wá, pé àwọn òǹwòran máa ń da gladiolus bo gladiator tí ó bá ṣẹ́gun. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n ó jọ pé orúkọ méjèèjì tí ó jọra ni ó bí i.

Àwọn ayàwòrán pẹ̀lú fẹ́ràn òdòdó yìí. Claude Monet ya obìnrin kan tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gladiolus nínú ọgbà ní nǹkan bí ọdún 1876. Àwòrán náà wà ní Detroit. Ní Paris ní ọdún 1886, Vincent van Gogh ya gladiolus nínú ìkòkò nígbà tí ó ń fi òdòdó kọ́ bí a ṣe ń lo àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀. Lórí ìtàgé, Barry Humphries ti Ọsirélíà, tí ó máa ń múra bí obìnrin tí a ń pè ní Dame Edna Everage, a máa ju gladiolus sí àwọn òǹwòran nígbà ayé rẹ̀ láti fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Òdòdó akíkanjú di ohun ẹ̀fẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Bàáká lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín

Ní ilẹ̀ tí bàáká ti ń lalẹ̀ hù, isu rẹ̀ ni àwọn ènìyàn mọ̀ jù. Láàárín Yorùbá, isu bàáká gbígbẹ wà lára ohun tí àwọn lẹ́kulẹ́ja ń tà fún àwọn tí ń po àgbo, àwọn oníṣègùn a sì máa lò ó fún àwọn àìsàn inú. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó ti ń ra isu yìí fún ọdún púpọ̀ má tíì rí òdòdó rẹ̀ rí, kí ẹni tí ó gbé ìdì gladiolus lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì má sì mọ̀ pé ó ní orúkọ ní èdè Yorùbá. Ní Gúúsù Áfíríkà àti Lesotho, àwọn ènìyàn ń lò ó fún òtútù àti ìgbẹ́ ọ̀rìn, wọ́n sì gbà pé ó ń mú oríire wá. Ní apá kan Kóńgò, wọ́n a máa sè é, wọn a sì rẹ ẹ́ sínú omi kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Nàìjíríà ti yẹ isu bàáká wò nínú yàrá ìwádìí, wọ́n sì rí i pé omi oògùn inú rẹ̀ ń dá àwọn kòkòrò àrùn kan dúró. Èyí kò túmọ̀ sí pé a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwòsàn fún ènìyàn, nítorí pé ohun tí ó pa kòkòrò nínú ìgò lè má ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ara, tàbí kí ó pa ara lára bí a bá lò ó jù.

Gbígbìn àti títọ́jú òdòdó tí a gé

Isu ni a fi ń gbin gladiolus tí a fẹ́ tà, nítorí pé ọmọ tí ó bá ti inú irúgbìn wá kì í jọ ìyá rẹ̀ pátápátá. A ń gbìn ín sí ìjìnlẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, níbi tí oòrùn ti ń dé tí omi kì í sì í dá rogún. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta àti ààbọ̀, yóò la òdòdó. Àgbẹ̀ tí ó bá ń gbin díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì yóò ní òdòdó láti gé fún ìgbà pípẹ́. Ojú ọjọ́ tútù àti oòrùn púpọ̀ ni ó bá a lára mu jù, èyí tí ó mú kí àwọn ilẹ̀ gíga bí òkè pẹrẹsẹ Jos, tí ó ga tó nǹkan bí mítà 1,200 sí ìtẹ́jú òkun, yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju etíkun lọ.

A kì í dúró kí òdòdó là tán kí a tó gé e. Bí òdòdó kan tàbí méjì ní ìsàlẹ̀ bá ti ń fi àwọ̀ hàn, ó ti tó gé. Àwọn yòókù yóò là nínú omi. Nàró ni a gbọ́dọ̀ gbé e sí títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, orí ọ̀pá náà yóò yí padà sí òkè láàárín wákàtí díẹ̀, kò sì ní tọ́ mọ́. Ewé gladiolus tún ní ìwúlò kan tí kò hàn sí ojú. Ó tètè máa ń mọ èéfín fluoride tí àwọn ilé iṣẹ́ kan ń tú sínú afẹ́fẹ́, orí rẹ̀ a sì jó gbẹ. Nítorí èyí, a ti lò ó láti fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti bàjẹ́.

Ewu àti ìdáàbòbò

Àrùn tí ń jẹrà isu, kòkòrò wínníwínní tí ń fa oje òdòdó mu, àti àrùn ìpẹtà ewé ni ọ̀tá gladiolus jù lọ. Kòkòrò náà àti ìpẹtà yìí ti Áfíríkà bá isu lọ sí àwọn ilẹ̀ mìíràn, wọ́n sì ti di ìṣòro ńlá fún àwọn àgbẹ̀ òdòdó níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò gba isu wọlé láìjẹ́ pé a yẹ̀ ẹ́ wò.

Nínú ìgbẹ́, ewu mìíràn ni ó wà. Gladiolus aureus, olódòdó ìyeyè ti agbègbè Cape, wà lára àwọn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun nítorí pé ilé gba ilẹ̀ rẹ̀. Bàáká kò tíì dé irú ipò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ gbòòrò. Ṣùgbọ́n isu ni a ń wá lára rẹ̀ fún oògùn, ẹni tí ó bá sì wú isu kúrò ti wú gbogbo ohun ọ̀gbìn náà. Kò dà bí ewé tí a já tí òmíràn yóò rú. Bí a bá dá àwọn ọmọ isu kéékèèké padà sínú ilẹ̀, tí a sì jẹ́ kí èso gbó kí a tó wú u, ó lè máa hù níbẹ̀ lọ. Ó ṣeé gbìn sínú ọgbà pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gbin àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ọjà òdòdó.

Ìdí kan sì wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwọn tí kò lo oògùn náà rárá. Ara irú ìgbẹ́ díẹ̀ ni gbogbo gladiolus ọjà ti ṣẹ̀ wá. Bí àrùn tuntun bá kọlù wọ́n, inú irú ìgbẹ́ ni àwọn olùdapọ̀-irú yóò ti wá agbára tí yóò dojú kọ ọ́. Bàáká tí ń rú láàárín eérú nínú pápá ọ̀dàn wà lára ohun tí wọn yóò padà sí.